Ìkíni Gígùn Kọ́ Ni Ìbọ̀wọ̀ Nínú Ímeèlì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo ti kọ ímeèlì sí ọ̀jọ̀gbọ́n 14 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ẹ̀kọ́ máástà tí mo fẹ́ lọ ṣe, kò sí ẹni tó fèsì. Ẹnì kan lórí WhatsApp ta lẹ́tà àwòkọ fún mi ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, òun náà kò ṣiṣẹ́. Irú èdè Gẹ̀ẹ́sì wo ni kí n lò tí wọn yóò fi mọ̀ pé mo bọ̀wọ̀ fún wọn? Olùkàwé kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, kí a tó dé orí èdè, ó ṣeé ṣe kí ó má tilẹ̀ sí ìdí tí o fi ń kọ̀wé sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọ̀nyẹn. Ẹ̀kọ́ máástà tí a ń jókòó gbọ́ ní kíláàsì, ọ́fíìsì tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ni a ń bá sọ ọ́, orí ìkànnì yunifásítì náà ni a sì ti ń kún fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò darí iṣẹ́ rẹ̀. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló ní ìlànà tirẹ̀, nítorí náà ka tiwọn, má fi tèmi ṣe òfin.

Ọdún 11 ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ẹ̀ka kan ní yunifásítì kan níbẹ̀, mo sì mọ lẹ́tà tí o rà náà bí ẹni mọ owó. "Dear Sir/Ma" ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, yóò kí ọ̀jọ̀gbọ́n kú àárọ̀, kú ọ̀sán, kú àsìkò, yóò yin iṣẹ́ rẹ̀ láìdárúkọ ẹyọ kan nínú rẹ̀, yóò tọrọ àforíjì fún ìyọlẹ́nu, a ó sì ti dé ìpínrọ̀ kẹrin kí a tó mọ ohun tí olúwarẹ̀ ń fẹ́. Ẹni tó gba owó lọ́wọ́ rẹ lórí èyí rẹ́ ọ jẹ.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà ti wá. Nílé, ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ àgbà tó bẹ́nu lé ọ̀rọ̀ láìkí i ti ṣe àfojúdi. Ṣùgbọ́n àgbà yẹn ń rí ìkúnlẹ̀ rẹ, ó sì ń dá ọ lóhùn bí o ti ń kí i lọ. Nínú ímeèlì, kò sí ẹni tó rí orúnkún rẹ. Ímeèlì tó kún bámú ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà bá ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ẹni tó bá sì jẹ́ kí ó tètè mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ó bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn baba wa tó ń fi àrokò ránṣẹ́ kò ṣàìmọ̀ èyí: owó ẹyọ mẹ́fà péré, ẹni tó gbà á ti mọ̀ pé ọkàn ẹni tó rán an fà sí òun.

Nítorí náà, àkọlé ímeèlì náà (subject) ni kí o fi ṣe ìkíni. Má kọ "Hello" síbẹ̀. Kọ orúkọ ẹ̀kọ́ náà, ọdún tí o fẹ́ wọlé, àti ìbéèrè rẹ, bí àpẹẹrẹ bóyá wọ́n ń gba èsì Gẹ̀ẹ́sì WAEC dípò IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. "Ma" jẹ́ tiwa. Wọn kì í lò ó lọ́hùn-ún. "Dear Dr" tàbí "Dear Professor" pẹ̀lú orúkọ ìdílé rẹ̀ ti tó, má sì pe orúkọ àbísọ rẹ̀ àyàfi tí òun fúnra rẹ̀ bá fi fọwọ́ sí èsì. Lẹ́yìn èyí, sọ ẹni tí o jẹ́ ní gbólóhùn kan, kí o sì béèrè ohun tí o fẹ́.

Ohun kan ń kọ mí lóminú: ṣé ímeèlì kan ṣoṣo ni o fi ránṣẹ́ sí àwọn 14 náà? Bí o bá tilẹ̀ fi àdírẹ́sì wọn pamọ́ sí Bcc, ìwé tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni ń tú ara rẹ̀ fó. Kọ tẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Gmail kì í jẹ́ kí a so fáìlì tó ju 25 MB lọ mọ́ ímeèlì, o sì lè ṣètò rẹ̀ kí ó fún ọ ní ìṣẹ́jú àáyá 30 láti fa ìwé tí o fi ránṣẹ́ padà. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, fi gbólóhùn kan rán wọn létí lórí ímeèlì àkọ́kọ́ yẹn, lẹ́ẹ̀kan péré. Má ṣe wá nọ́ńbà wọn kiri láti fi WhatsApp bá wọn sọ̀rọ̀.