Òjé Nínú Eruku Àgbàlá: Ṣé Epo Pupa Lè Wẹ̀ Ẹ́ Kúrò Nínú Ọmọ?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ilé wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì mọ́tò àlòkù, tí wọ́n sì ń yọ́ òjé inú rẹ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, èéfín á gba àdúgbò kan, eruku dúdú á sì bà lé aṣọ tí a sá. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́ta kì í fẹ́ jẹun mọ́, inú sì máa ń run ún. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa fún un ní epo pupa mu, pé yóò pa májèlé náà. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Ire ọmọ ni ìyá ọkọ yín ń wá, ṣùgbọ́n epo pupa kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé òjé kì í dúró sínú ikùn: ó máa ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á gba ibẹ̀ dé ọpọlọ àti eegun, ó sì lè wà nínú eegun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Inú rírun àti àìlèjẹun lè jẹ́ àmì rẹ̀, wọ́n sì lè jẹ́ àmì àìsàn mìíràn, nítorí náà ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí ẹ sọ ibi tí ẹ ń gbé àti iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe, kí ẹ sì béèrè fún àyẹ̀wò òjé nínú ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí ó bá ti tó máíkírógíráàmù 5 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan, kí a wá ibi tí òjé ti ń wọlé, kí a sì dí i.

Dídí ibẹ̀ ṣe pàtàkì ju oògùn lọ. Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, níbi tí àwọn ará abúlé ti ń lọ òkúta nítorí góòlù, òjé inú òkúta náà pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Oògùn tó ń fa òjé jáde wà, àwọn dókítà Médecins Sans Frontières, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ níbi tí àjálù bá wà, sì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ tí a tọ́jú bá tún padà sínú eruku kan náà, asán ni ìtọ́jú rẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n họ erùpẹ̀ òkè kúrò ní àgbàlá, tí wọ́n sì da èyí tó mọ́ rọ́pò rẹ̀. Ní abúlé Bagega, owó iṣẹ́ náà pẹ́ kó tó jáde, ó di ọdún 2013 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń dúró de ìtọ́jú.

Ní ilé tiyín, ọ̀dọ̀ bàbá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó bọ́ aṣọ àti bàtà iṣẹ́ sí ibi iṣẹ́, kí ó wẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ, kí ẹ má sì fọ aṣọ náà pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ. Ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀, nítorí ìgbálẹ̀ a máa gbé eruku sókè. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ọmọ kí ó tó jẹun. Bí omi kànga bá ti ní òjé, síse kò ní í mú un kúrò. Bí ẹ bá lóyún, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ̀. Ẹ má sì lé tìróò sí ojú ọmọ: ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, tìróò tó ti Nàìjíríà lọ ni ó kó òjé bá ọmọ ọwọ́ kan, ju 80 nínú 100 tìróò náà ló sì jẹ́ òjé.

Ti èéfín kọjá agbára ilé kan. Kí ẹgbẹ́ àdúgbò kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ó ń rú sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ètò àyíká ìpínlẹ̀ àti NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin àyíká. Àyẹ̀wò erùpẹ̀ ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe àpò ìrẹsì tí iléeṣẹ́ tó ń yọ́ òjé máa ń pín lọ́jọ́ ọdún, kí ẹ sì rí i pé wọ́n bu erùpẹ̀ pápá ilé ẹ̀kọ́ mọ́ ọn.