Ìtúfọ̀ Bàbá Rẹ Kò Tíì Parí

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ní ilẹ̀ Benin ni mo ti ń kọ̀wé. Bàbá mi, olùkọ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, papò dà ní ilé ìwòsàn kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. A gbé wọn wá sílé, a sì sin wọ́n. Láti ìgbà náà, ọwọ́ àbúrò wọn ni fóònù wọn àti káàdì báńkì wọn wà. Bàbá kékeré ní a kò gbọ́dọ̀ sọ fún bìrò (ọ́fíìsì) kankan títí a ó fi ṣe ọdún òkú, pé owó ìfẹ̀yìntì tó ń wọlé la ó fi ṣe é. Ìyá mi náà kò fẹ́ kí n lọ. Wọ́n ní bí àwọn bá fọwọ́ sí ìwé pé ọkọ àwọn ti kú, bí ẹni pé àwọn ń lé wọn jáde nílé ni. Ìyàwó kejì wà, àwọn ọmọ wọn méjèèjì ṣì kéré. Kí ni kí n ṣe?" – Àkọ́bí obìnrin, Kétu.

Ọmọ mi, ẹ kú àràfẹ́rakù. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún bàbá.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló wọ̀ mí lára jù. Nígbà tí bàbá rẹ dákẹ́, ẹ túfọ̀ fún ẹbí, ẹ túfọ̀ fún àwọn àna, ẹ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wọn, ẹ ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé tó wà ní Kútọnu àti ní Èkó. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ ń lé bàbá jáde. Àwọn tó bá wọn da nǹkan pọ̀ ló yẹ kó gbọ́. Bìrò tó ń san owó ìfẹ̀yìntì bá wọn da nǹkan pọ̀. Báńkì náà bá wọn da nǹkan pọ̀, àti ilé iṣẹ́ tó fi iná àti omi sínú ilé wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ ẹkún yín, wọn kò sì sí lójú ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ òkú gba Ṣàkẹ́tẹ́ àti Pọ̀bẹ̀ bọ̀ wá sí Kétu. Bí ẹnìkan kò bá lọ sọ fún wọn, lójú tiwọn bàbá ṣì wà láàyè. Jókòó ti ìyá rẹ ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan, kí o sọ fún wọn pé ìtúfọ̀ ló kù, kì í ṣe lílé. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Ọ̀rọ̀ bàbá kékeré wá le díẹ̀. Mo gbà pé ọdún òkú ló wà lọ́kàn wọn. Àmọ́ owó ìfẹ̀yìntì, owó ẹni tó wà láàyè ni. Èyí tí a bá gbà lẹ́yìn ikú, gbèsè ni. Bìrò a máa pe àwọn tó ti fẹ̀yìn tì pé kí wọ́n wá fi ara wọn hàn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá pe bàbá rẹ, ta ni yóò dáhùn? Nígbà tí wọ́n bá sì ṣírò gbogbo oṣù tí a ti gbà á, orí ilé ni yóò dà lé, kì í ṣe orí ẹni tó mú káàdì lọ́wọ́ nìkan. Èyí tó dùn mí jù ni pé opó ní owó tirẹ̀ tó tọ́ sí i lára owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀, ọmọ òrukàn tó ṣì kéré náà ní tirẹ̀. A kò lè bẹ̀rẹ̀ ìyẹn níwọ̀n ìgbà tí ìwé bá ṣì ń sọ pé bàbá wà. Ohun tí bàbá kékeré ń gbà lóṣooṣù ló ń dí ọ̀nà ohun tí ìyá rẹ ìbá máa gbà.

Ìwé ikú ni ìpìlẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní acte de décès. Fetí sí èyí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣòfò ọjọ́: Kétu ni ẹ sin bàbá sí, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ni wọ́n kú sí. Ní Àjàṣẹ́ ni ìwé náà ti máa jáde. Mú ìwé tí ilé ìwòsàn fún yín, ìwé ìbí bàbá, àti ìwé ANIP wọn, ti àjọ tó ń forúkọ ará ìlú sílẹ̀, tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn, NPI, nínú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì kéde ikú náà ní mérì (ilé ìjọba ìbílẹ̀) láàárín àsìkò tí òfin fi sílẹ̀, tírìbúnà (ilé ẹjọ́) ni wọn yóò ní kí ẹ gbà lọ. Má jẹ́ kí ìyẹn dẹ́rù bà ọ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Gba ẹ̀dà púpọ̀, torí bìrò kọ̀ọ̀kan ló máa mú ọ̀kan. Fi ojúlówó rẹ̀ sílẹ̀ nílé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìpàdé ẹbí, conseil de famille. Ẹ óò kọ ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀ sílẹ̀, ẹ óò fọwọ́ sí i, ẹ óò sì gbé e lọ sí tírìbúnà Pọ̀bẹ̀, tí Kétu wà lábẹ́ rẹ̀, kí adájọ́ fi òǹtẹ̀ lù ú. Ìwé yìí ni báńkì máa bèèrè. Níbi ìpàdé yẹn gan-an ni kí ẹ ti gba fóònù àti káàdì padà. Kì í ṣe ìwọ ni kí o lọ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá kékeré ní kọ̀rọ̀. Lọ bá olórí ẹbí tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà ti ẹnu wọn jáde. Kí wọ́n sì dá iye tí olúkúlùkù yóò mú wá fún ọdún òkú níbẹ̀, kí bàbá kékeré má bàa rò pé wọ́n fẹ́ já ẹrù náà lé òun nìkan lórí.

Ẹ jọ̀wọ́, ìyàwó kejì. Òfin ìdílé ọdún 2004 ní ilẹ̀ wa sọ pé ìgbéyàwó tí a ṣe ní mérì nìkan ló lágbára lójú òfin. Bí ìyá rẹ bá ní ìwé mérì tí ìyàwó kejì kò sì ní in, ó lè ṣòro kí ó rí owó opó gbà. Èmi kò fẹ́ràn bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀ fún obìnrin tó tọ́jú ọkọ dé ojú ikú. Àmọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ọmọ bàbá rẹ ni wọ́n. Bí ẹ bá yọ orúkọ wọn kúrò nínú ìwé ìpàdé ẹbí, irọ́ lẹ pa síwájú adájọ́. Ìwọ àkọ́bí, ìwọ fúnra rẹ ni kí o lọ gba ìwé ìbí wọn lọ́wọ́ ìyá wọn.

Ọ̀rọ̀ fóònù yẹn kò gbọ́dọ̀ pẹ́ rárá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú, tiwọn wà lọ́wọ́ ọmọ kan nínú ilé. Kí ọjọ́ kẹjọ tó pé, àwọn ọ̀rẹ́ wọn ti ń rí iṣẹ́ gbà lórí WhatsApp pé "mo wà ní ilé ìwòsàn, ẹ bá mi wá owó díẹ̀." Ìyá arúgbó kan tó ń ta gàrí, tí kò tíì gbọ́ nípa ikú náà, fi èrè ọjà kan ránṣẹ́ lódindi. Èmi ni mo lọ túfọ̀ fún wọn, tí mo tún ń bẹ̀ wọ́n nídìí owó náà. Ojú wọn kò kúrò lọ́kàn mi títí dòní. Mú ìwé ikú àti ìwé ẹbí lọ sí bìrò nẹ́tíwọ́ọ̀kì bàbá. Owó tó bá wà lórí nọ́ńbà náà, ti gbogbo ajogún ni. Bí nọ́ńbà inú ìwé àtijọ́ bá jẹ́ ẹyọ mẹ́jọ, fi 01 síwájú rẹ̀, torí láti oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n ti sọ nọ́ńbà di ẹyọ mẹ́wàá.

SBEE tó ni iná àti SONEB tó ni omi kò le: yíyí orúkọ padà ni. Wo inú àpótí bàbá bóyá ìwé àjọ tàbí ti CLCAM, ilé ìfowópamọ́ àwọn àgbẹ̀, wà níbẹ̀.

Mú ìyá rẹ dání lọ sí Àjàṣẹ́. Ẹ tètè jáde, kí ẹ jẹun kí ẹ tó wọ mérì. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú akọ̀wé, dúró tì wọ́n, má kán wọn lójú. Akọ̀wé yóò dúró.