Ẹ má ra ẹ̀rọ ìdèmọ́rí fún ẹni tí ìsoríkọ́ ń bá jà

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ìsánlú ni mo ti ń kọ̀wé. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni kò ti jọ ara rẹ̀ mọ́. Kì í sùn, kì í jẹun dáadáa, kò lọ sóko, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọsibítù, wọ́n ní ìsoríkọ́ ni, wọ́n sì fún un lóògùn. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà sọ pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ ta ọpọlọ jí lọ́hùn-ún, wọ́n á sì tún máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan ní Kàbà ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bátìrì ló ń lò, ó ní ọjọ́ méje péré ara á ti yá. Àwa ti bá Bàbá sọ̀rọ̀ títí ó ti sú wa, ẹ̀rọ yìí nìkan ló kù. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Okun o, Ìyá. Ẹ má rà á.

Irú ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, láti Ẹ̀gbẹ̀, láti Mọ̀pà, láti Ìyàrá. Inú ń bí mi sí àwọn tó ń ta nǹkan yìí, nítorí ẹni tí ojú ń pọ́n ni wọ́n ń dọdẹ.

Èyí tí àbúrò ọkọ yín ń sọ wà lóòótọ́. TMS ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún 1985, ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Anthony Barker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fi agbára òòfà, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì, ta ọpọlọ ènìyàn jí láti òde agbárí. Ọdún 2008 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìsoríkọ́. Aláìsàn á jókòó lórí àga, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, wọ́n á gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ká wáyà sínú rẹ̀ lé apá òsì iwájú orí rẹ̀, á máa gbọ́ kò-kò-kò. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, pàápàá fún ẹni tí oògùn kò ràn lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n fi irin sínú orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ìdí rẹ̀. Ẹni tó ní wárápá rí, tàbí tó ń mu ọtí líle tàbí tramadol, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ó lè fa gìrì, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

ECT, tí àwọn ènìyàn ń pè ní fífi iná gbé orí, tún yàtọ̀. Láti 1938 ló ti wà, wọ́n ń ṣe é ní Nàìjíríà náà, bí wọ́n bá sì ṣe é bó ṣe yẹ, wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn kun aláìsàn lóorun. Ó lè mú kí ènìyàn gbàgbé nǹkan, ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò jẹ, tí kò mu mọ́, ó lè gba ẹ̀mí là.

Nǹkan ti Kàbà yẹn, bí ẹ ṣe júwe rẹ̀, àfarawé ẹ̀kẹta ni, tDCS, tí wọ́n ń fi iná tín-ín-rín, milliamp 1 sí 2, kọjá lórí. Nílé ìwòsàn, wọ́n ń wọn iná náà, wọ́n ń rẹ aṣọ tó wà láàárín awọ orí àti ohun tí iná ń gbà wọlé sínú omi oníyọ̀, wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lé. Ta ló wọn ti ọjà yẹn? Bí kò bá jó awọ orí Bàbá, á jó owó yín. Kò sì sí èyí tó ń wo ìsoríkọ́ ní ọjọ́ méje nínú irú àwọn ẹ̀rọ bátìrì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, irọ́ ló ń pa.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù nínú ìwé yín kọ́ nìyí. Ẹ ní ẹ ti bá Bàbá sọ̀rọ̀ títí. Ìyá, kí lẹ bá wọn sọ?

Mo lè ròó, nítorí ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ. “Ẹ ṣọkàn gírí.” “Ẹ má rò ó mọ́.” “Ẹ wo lágbájá, owó ìfẹ̀yìntì tiẹ̀ náà kò tíì jáde, ṣé ó wá dùbúlẹ̀?” Pásítọ̀ á wá, á gbàdúrà, á ní kí wọ́n máa yọ̀ nínú Olúwa. Ìfẹ́ ló wà nídìí gbogbo rẹ̀, mo mọ̀. Ìyànjú ni, kì í sì í ṣe ìtọ́jú. Etí ẹni tí ìsoríkọ́ ń bá jà kì í gbọ́ ìyànjú bí ìyànjú, bí ẹ̀sùn ló ń gbọ́ ọ. Á sọ fún ara rẹ̀ pé, “Wọ́n ní kí n ṣọkàn gírí, mi ò lè ṣe é, á jẹ́ pé èmi gan-an ni mi ò wúlò.” Ẹ ò tíì dán ọ̀rọ̀ wò, Ìyá. Èyí tí ẹ dán wò, ìbáwí tí a fi ìfẹ́ wé ni.

Ìtọ́jú onífọ̀rọ̀wérọ̀ ní ìlànà tirẹ̀, ẹni tó kọ́ ọ ló sì ń ṣe é. Èyí tí a ń lò jù ni CBT, nǹkan bí wákàtí kan lọ́sẹ̀. Bí Bàbá bá jókòó níwájú mi, n ó béèrè ohun tí wọ́n ṣe lánàá láti òwúrọ̀ dé alẹ́, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Á hàn pé bí wọ́n ṣe ń jókòó sílé tó ni ọkàn wọn ń wúwo sí i, bí ọkàn bá sì ti wúwo, ìjáde kì í wù wọ́n. A ó mú ohun kékeré kan: kí wọ́n rìn dé ìdí iṣu tó wà lẹ́yìn ilé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ì báà wù wọ́n, ì báà má wù wọ́n. A kì í dúró de ìgbà tó bá wuni, nítorí ìfẹ́ ṣíṣe nǹkan gan-an ni àìsàn yìí kọ́kọ́ ń jí gbé. Lọ́sẹ̀ kejì a ó yẹ̀ ẹ́ wò pa pọ̀. Lẹ́yìn náà la ó tó kan èrò tó ń gbé wọn lulẹ̀, irú bíi “olùkọ́ tí kò kọ́ni mọ́ ti parí.” Mi ò ní í bá wọn jiyàn. N ó ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá, èyí tó gbè é àti èyí tó ta kò ó. Iṣẹ́ ni, ó máa ń rẹ aláìsàn, ó máa ń rẹ èmi náà.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni, kó wo Harare ní Zimbabwe. Dókítà Dixon Chibanda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin tí kì í ṣe dókítà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ìyá àgbà, bí a ṣe ń bá aláìsàn tú ìṣòro rẹ̀ palẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì lásán nínú ọgbà ilé ìwòsàn. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 2016 fi hàn pé, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìsoríkọ́ dín kù lára àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn sábà máa ń fúnni lọ. Kò sí iná, kò sí òòfà níbẹ̀.

Bí a bá wá fi iná kún ọ̀rọ̀ ńkọ́? Wọ́n dán an wò ní Jámánì, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2022. Ènìyàn 148, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Apá kan gba CBT nìkan, apá kejì gba CBT pẹ̀lú tDCS, apá kẹta gba CBT pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n dè mọ́ wọn lórí ṣùgbọ́n tí iná gidi kò sí nínú rẹ̀. Ara apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yá sí i, wọn kò sì rí i pé iná ṣe ju ọ̀rọ̀ nìkan lọ. Iná tí àwọn onímọ̀ wọ̀n dáadáa nìyẹn o, kì í ṣe ti Kàbà. TMS pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ní ìrètí díẹ̀ sí i: ní Netherlands, nínú aláìsàn 196 tí àbájáde wọn jáde ní 2018, ìsoríkọ́ kásẹ̀ nílẹ̀ lára nǹkan bí 56 nínú 100. Ṣùgbọ́n kò sí àwọn tí wọ́n fi wọ́n wé, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ òòfà àti èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọ̀rọ̀.

Mi ò tíì rí ọkọ yín, ohun tí mo ń kọ síhìn-ín kò lè rọ́pò àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá oògùn tí wọ́n fún wọn dúró lójijì. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó ràn wọ́n dáadáa, ọ̀pọ̀ ló sì ń jù ú nù ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ bi wọ́n tààrà bóyá ó ń ṣe wọ́n bíi kí wọ́n kú. Bíbéèrè kò ní í fi èrò náà sí wọn lọ́kàn. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan, ẹ kó oògùn oko àti gbogbo oògùn kòkòrò kúrò nílé, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí kò bá tíì dé bẹ́ẹ̀, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà tó rí wọn, kó fi yín ránṣẹ́ sí onímọ̀ àìsàn ọpọlọ ní ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ì báà ṣe ti Lọ́kọ́jà, ì báà ṣe ti Ìlọrin. Mo mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra ẹ̀rọ, ẹ fi wọ ọkọ̀. Ẹ béèrè ẹni tó ń ṣe CBT níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn àti ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, títí kan àgbo.