"Pain", "chair", "coin": kí lédè kóòwá fi sínú ọ̀rọ̀ kan náà?

Àbúrò mi, o ní ò ń kọ́ Faransé kí o tó lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Brussels, pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ò ń bá pàdé ló jọ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ "pain", "chair" àti "coin" ti dà ọ́ láàmú, o wá ń béèrè bóyá kí o kúkú gbé Gẹ̀ẹ́sì tì pátápátá. Má gbé e tì. Nínú ilé ìdáná ní Brussels yẹn náà ni mo ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ mi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Faransé, Dutch, Ítálì àti Sípéènì la jọ ń sọ mọ́ra wa nídìí iná, ojú mi sì rí nǹkan kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ yìí. Ọ̀rọ̀ méjì tí lẹ́tà wọn bára mu lè jẹ́ ọmọ ìyá tó tú ká, wọ́n sì lè jẹ́ àjèjì tó kàn jọra lójú. Bí a ṣe ń kọ́ ti àkọ́kọ́ yàtọ̀ sí bí a ṣe ń kọ́ ti èkejì. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni lédè máa ń kó méjèèjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, "faux amis", ọ̀rẹ́ èké, ibẹ̀ sì ni ìdààmú akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Mú "pain" wò. Búrẹ́dì ni lédè Faransé, láti ara "panis" ti Látìnì. "Pain" ti Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ìrora, ọ̀dọ̀ "poena" ló ti wá, tó jẹ́ ìyà tàbí ìtánràn lédè Látìnì. Faransé àtijọ́ sọ ọ́ di "peine". Nígbà tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1066, wọ́n gbé Faransé tiwọn wọ̀lú, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ sẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, tí ìkọ̀wé rẹ̀ sì wá bá ti búrẹ́dì dọ́gba. Wọn ò bára tan rárá. Fún iṣẹ́ tìrẹ, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré: aláìsàn tó bá ní òun fẹ́ "du pain", ebi ló ń pa á, tí ara bá ń ro ó, "j'ai mal" ni wàá gbọ́. Etí rẹ á tètè dá wọn mọ̀, torí imú ni Faransé fi ń pe tiwọn, fáwẹ̀lì tó gbẹ̀yìn "ìyẹn" ló wà níbẹ̀. Àwa Yorùbá ti gbé fáwẹ̀lì yẹn wá láti ilé, lò ó dáadáa.

"Chair" náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹran ara ni fún Faransé, láti ara "caro" ti Látìnì. Àga ti Gẹ̀ẹ́sì, láti "cathedra" ni, èyí tí Látìnì gbà lọ́wọ́ Gíríìkì. Tí aláìsàn tí òtútù mú bá sọ fún ọ pé "j'ai la chair de poule", ohun tó ń sọ ni pé ara òun ti yọ kókó-kókó bí ara adìyẹ tí wọ́n fa ìyẹ́ rẹ̀ tu.

Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájà sílẹ̀ lójú mi ni "burro". Ará Ítálì ni ọ̀gá wa nídìí iná, tí iṣẹ́ bá sì ti gbóná, Ítálì nìkan ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí èrò pọ̀, ó nawọ́ sí ọmọ Sípéènì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, ó ń pariwo: "Burro! Burro!" Ọmọkùnrin náà tú aṣọ ìdáná kúrò níbàdí, ó ká a mẹ́rin, ó gbé e lé tábìlì, ó sì kọjú sí ọ̀gá. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni "burro" lédè tirẹ̀, tí wọ́n bá sì fi pe ènìyàn, òpònú ni wọ́n pè é. Bọ́tà lọ̀gá ń bèèrè. Mo ṣí fìríìjì, mo gbé bọ́tà tó ti Ítálì wá síwájú rẹ̀, BURRO gàdàgbà lára bébà rẹ̀. Ó kà á, ó tún un kà, ó mú aṣọ rẹ̀, ó so ó padà. "Burro" ti Ítálì, "beurre" ti Faransé àti "butter" ti Gẹ̀ẹ́sì, ìdí kan náà ni gbogbo wọn ti wá, "butyrum" ti Látìnì. Ti Sípéènì wá láti ara "burricus", ẹṣin kékeré.

Ọ̀gá kan náà ló fi máákà kọ "sale" sára ike iyọ̀, torí iyọ̀ ni lédè rẹ̀. Ẹni tó ń fọ abọ́ fún wa, tó ń sọ Faransé, a máa gbé e lọ síbi ìfọbọ́, torí "sale" ti Faransé ni "ó dọ̀tí". Nínú ìlú yẹn, Dutch àti Faransé jọ máa ń wà lára páálí oúnjẹ ni, nítorí náà tí o bá rí "room", wo ẹ̀gbẹ́ kejì, wàá rí "crème": ọ̀rá ojú wàrà ni, kì í ṣe yàrá.

Àwọn ọmọ ìyá tó tú ká ńkọ́? "Gift" ló yé mi jù nínú wọn. Ẹ̀bùn ni fún Gẹ̀ẹ́sì, májèlé fún Jámánì. Ní Swídìn, májèlé ni, ẹni tó ti ṣègbéyàwó náà sì ni. Ọ̀rọ̀ "fífúnni" ló bí gbogbo wọn. Oògùn tí a wọ̀n fún ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi dárúkọ, kó tó di pé ó yí sí májèlé. Ìyàwó sì rèé, fífà lé ọkọ lọ́wọ́ ni, bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé. Oríṣi yìí, tí o bá ti mọ ìtàn rẹ̀, kò ní kúrò lọ́kàn rẹ mọ́.

Àwọn àjèjì kò ní ìtàn tí wọ́n jọ ní, nítorí náà má ṣe wá ìtàn sí i láti fi há a sórí. Kọ́ wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń bá rìn: "du pain", "au four" tí oúnjẹ bá wà nínú ààrò, "la chair". Bí ojú rẹ kò bá lè mọ oríṣi tí ọ̀rọ̀ kan jẹ́, ìwé atúmọ̀ èdè wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́: CNRTL fún Faransé, DWDS fún Jámánì; ibi tí wọ́n kọ orísun ọ̀rọ̀ sí ni kí o kọ́kọ́ kà.

"Coin" ló kù. Ọmọ ìyá ni tìyẹn pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì. "Cuneus" ni lédè Látìnì, irin tó mú lẹ́nu tí wọ́n fi ń la igi. Faransé fi ń pe igun, wọ́n tún fi ń pe irin tí wọ́n fi ń lu àmì sára owó, Gẹ̀ẹ́sì sì gbé orúkọ irin náà fún owó fúnra rẹ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní ilé olóògùn wà "au coin de la rue", kọ́nà òpópónà ni kí o lọ. Tí owó ẹyọ lo bá fẹ́, "pièce" ni kí o bèèrè.