Èsì: Porsche 911 tó kọ̀ tí kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì n'Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Bátìrì ló kú. Láti Ojúde Ọba èṣí tí ẹ ti gbé e sí gáréèjì, aláàmù rẹ̀ ṣì ń mu iná díẹ̀díẹ̀.

Iwájú ni bátìrì wà, iná ló sì ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì fi irin tú u! Tó bá jẹ́ 997 (ìran 911 kan) bí ẹ ṣe wí:

1. Ẹ ṣí àpótí fíúsì lẹ́bàá ẹsẹ̀ awakọ̀, ẹ fa irin pọ́sítíìfù ibẹ̀ jáde.
2. Ẹ so wáyà pupa láti ara bátìrì mìíràn tó níná mọ́ ọn, kí dúdú rẹ̀ wà lára irin tí ilẹ̀kùn ń há mọ́.
3. Ẹ tẹ bọ́tìnì bọ́nẹ́ẹ̀tì lára kọ́kọ́rọ́. Aláàmù lè ké, kò léwu.

Irin inú àpótí fíúsì yẹn kò wà fún títan ẹ́ńjìnì o. Bátìrì gan-an ni kí ẹ ṣájì. Tó bá kún, tó tún kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.