Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀ yẹn?

Àbúrò, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní bàbá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ papò dà, pé ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ méjì ń gbin ewébẹ̀ láìlo kẹ́míkà lórí éékà mẹ́rin, pé àwọn ẹ̀gbọ́n yín sì ti ń bá àwọn tó ń gé ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì sọ̀rọ̀. O wá gbọ́ pé lókè òkun, àwọn ará àdúgbò máa ń kó ilẹ̀ oko sábẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní community land trust, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i tà. O béèrè bóyá ó lè ṣiṣẹ́ níbí. Ó lè ṣiṣẹ́. Àmọ́ jẹ́ kí n sọ ibi tí tèmi ti jò fún ọ ná.

Ní 2013, àwa márùn-ún dáwó jọ, a ra éékà mẹ́ta lápá Mọ́níyà. Èmi gan-an ni mo dábàá pé kí a kọ orúkọ àgbà tó wà láàrin wa nìkan sórí rìsíìtì àti sọ́fè, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, olóòótọ́ èèyàn. Mo ní bí orúkọ bá ti pọ̀ jù, owó lọ́yà á lọ sókè, àti pé ṣé a máa bá ara wa jà ni? Lóòótọ́, a ò jà. Bàbá kú ni, lásìkò ọyẹ́, ní 2020.

Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, mo fẹ́ kó yé ọ. Wọ́n ṣí fáìlì bàbá wọn, wọ́n rí ìwé ilẹ̀, orúkọ bàbá wọn ló wà níbẹ̀. Kí ni kí wọ́n rò? Nígbà tó fi máa di 2021, ọkọ̀ ojú irin Èkó ti ń já sí Mọ́níyà, ilẹ̀ tí ewúrẹ́ nìkan ń ná tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń gbé jíìpù wá wò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ta ìdajì.

Ọjọ́bọ̀ kan ni mo dé oko, mo bá èèkàn tí wọ́n kùn ní pupa láàrin ebè ṣọkọ mi. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, katapílà dé. Kì í ṣe ewébẹ̀ ló dùn mí, ṣọkọ á tún hù. Erùpẹ̀ yẹn ni. Ọdún bíi méje la fi bọ́ ọ: ìgbẹ́ adìyẹ tí a kó jọ títí ooru rẹ̀ fi rọlẹ̀, èèpo ẹ̀gẹ́, koríko tí a dà sí kòtò kó jẹrà. Nígbà tí a kọ́kọ́ débẹ̀, ọkọ́ ń ró lára ilẹ̀ náà bíi pé ògiri lò ń gbẹ́. Nígbà tó fi bọ́ lọ́wọ́ wa, ọwọ́ lásán ni mo fi ń túlẹ̀ níbẹ̀, ekòló á máa yọ́ gba àárín ìka mi. Katapílà ha gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Dẹ́rẹ́bà típà wá bi mí bóyá mo fẹ́ rà níbẹ̀, pé òtẹ́ẹ̀lì kan ti sanwó típà mẹ́rin, wọ́n fẹ́ fi gbin òdòdó. Mo bẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ kí n bu àpò sìmẹ́ǹtì méjìlá. Orí ni mo fi rù wọ́n lọ sí apá tó ṣẹ́kù.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fi le fún irú àwa yìí ju àgbẹ̀ tó ń fọ́n ajílẹ̀ òyìnbó lọ. Ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ lo ọdún 3 láìfojú kan kẹ́míkà kí òfin tó jẹ́ kí o pe irè rẹ̀ ní ọ̀gáníìkì. Iṣẹ́ ọdún wọ̀nyẹn kì í bá èèyàn kó lọ.

Community land trust tí o gbọ́ yẹn, àwọn èèyàn dúdú ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Ní 1969, ní Lee County, ìpínlẹ̀ Georgia, Charles àti Shirley Sherrod àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá New Communities sílẹ̀, nǹkan bí éékà 5,700. Àjọ ló ni ilẹ̀, kálukú ń dáko lórí rẹ̀. Ìwé wọn dára. Gbèsè tó wà lórí ilẹ̀ náà ló pa wọ́n. Ọ̀dá dé, àjọ ìjọba tó ń yá àgbẹ̀ lówó kò dá wọn lóhùn bó ti ń dá àwọn aláwọ̀ funfun lóhùn, ilẹ̀ bọ́ lọ ní 1985. Ó di 2009 kí wọ́n tó dá wọn láre, pẹ̀lú nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 dọ́là. Wọ́n ra ilẹ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n ó ti kọjá ogún ọdún.

Àwọn tó gba ọ̀nà mìíràn wà ní Shropshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lóko tí wọ́n ń pè ní Fordhall. Arthur Hollins ti dáko níbẹ̀ láìlo kẹ́míkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ kì í ṣe òun ló ni ilẹ̀. Nígbà tí onílẹ̀ fẹ́ tà, àwọn ọmọ rẹ̀, Charlotte àti Ben, tọrọ ìrànwọ́ kiri. Ní 2006, wọ́n kó £800,000 jọ; ó lé ní 8,000 èèyàn tó ra ìpín £50. Ìpín yẹn kì í bí èrè. Ẹ̀tọ́ láti dìbò ló fún ọ.

Padà sí tiwa. Lọ́yà ní a lè pẹjọ́, a sì lè jàre, àmọ́ àwa náà mọ bí ẹjọ́ ilẹ̀ ṣe máa ń pẹ́ tó. A lọ bá àkọ́bí bàbá, obìnrin, Manchester ló wà. Mo ya ìwé tí a fi dáwó ní 2013 ní fọ́tò ránṣẹ́ sí i, ìwé ọmọ iléèwé lásán, tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ àwa márààrún àti iye tí kálukú mú wá. Ìkọ̀wé bàbá rẹ̀ ló rí tó bú sẹ́kún. Òun ló mú àwọn àbúrò rẹ̀ fọwọ́ síwèé fún wa lórí éékà kan àtààbọ̀ tó kù.

A forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ní àwọn alámòójútó, lábẹ́ òfin iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA 2020. Ẹgbẹ́ ló ni ilẹ̀ báyìí. Bí ọ̀kan nínú àwọn alámòójútó bá kú, a ó fi ẹlòmíràn rọ́pò, ọmọ rẹ̀ kò ní nǹkan í jogún níbẹ̀. A kọ ọ́ sínú ìwé òfin wa pé a kò gbọ́dọ̀ tà á, a kò sì gbọ́dọ̀ fi dúró fún owó báǹkì. Ẹni tó ń dáko ní ọdún 25 láti fi lo ilẹ̀ náà, ó ń san nǹkan lọ́dọọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ ni, kí a má tan ara wa. Àwọn baba wa fi iṣu san án, àwa ń fi fóònù ránṣẹ́. Ẹni tó bá ń lọ, a ó san owó kànga tó gbẹ́ àti àtíbàbà tó kọ́ fún un. Ti ilẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ní 1912, Ẹlẹ́sì ti Odógbolú sọ fún ìgbìmọ̀ àwọn òyìnbó pé ẹbí ńlá kan ló ni ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ wà láàyè, àìlóǹkà ni a kò tíì bí. Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ ló ń kan sáárá. Àmọ́ lọ́jọ́ tí oníbàárà bá dé, àwọn díẹ̀ tó wà láàyè nìkan ló lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń tọwọ́ bọ̀wé.

Kò tíì parí o. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ tó bá yí ọwọ́ padà. Tiwa ṣì wà lórí tábìlì ẹnì kan. Bí ìjọba bá sì fẹ́ la títì gba oko kọjá, trust kò dá a dúró.

Fún ìwọ, má ṣe fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ lò. Owó ni wọ́n ń wá, ìpín tiwọn náà sì ni. Bó bá jẹ́ èmi, máa ní kí wọ́n mú éékà méjì tó kọjú sí títì, kí wọ́n fọwọ́ síwèé lórí méjì tó kù fún ẹgbẹ́ tí ẹ máa forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi tiwa. Ó dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, olórí ẹbí àti àwọn olórí ojúlé. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí ni, èyí tí ẹnì kan dá tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kóòtù kò kà á sí títà.

O ní ogójì bàbá ni wọ́n fi ìpàdé sí. Kó tó dọjọ́ náà, wá sọ́fè yẹn jáde, ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀, kí o yà á ní fọ́tò. Bí ìwé owó kankan bá wà tí bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ya ìyẹn náà.