Gíláàsì Fọ́sífétì: Omi Tí Ẹ Rì Í Sí Ló Ń Sọ Bó Ṣe Máa Yòrò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo yọ́ gíláàsì fọ́sífétì tó ní kálísíọ̀mù àti sódíọ̀mù, mo gé e ní roboto pẹlẹbẹ, mo rì í sínú omi distilled (omi tí wọ́n sè, tí wọ́n sì gba oruku rẹ̀ kó lè mọ́) ní 37°C. pH omi náà (òṣùwọ̀n ásíìdì; bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó) já láti 7 sí 4, gíláàsì sì ń yára yòrò sí i lójoojúmọ́. Ọ̀rẹ́ mi gé tirẹ̀ lára gíláàsì kan náà, àmọ́ SBF, omi àfarawé ara, ló lò, tirẹ̀ kò sì yòrò tó tèmi. Èsì ta ló tọ̀nà? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Èsì ẹ̀yin méjèèjì ló tọ̀nà. Omi yín ni kò dọ́gba.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti ọ́síjìn so kọ́ra wọn nínú gíláàsì yìí, wọ́n di ẹ̀wọ̀n gígùn. Kálísíọ̀mù lè di ẹ̀wọ̀n méjì mú pọ̀. Sódíọ̀mù kò lágbára bẹ́ẹ̀. Omi á kọ́kọ́ wọ awọ òde, á tú àwọn ẹ̀wọ̀n náà sílẹ̀, gíláàsì á sì máa tín-ín-rín láti ìta bí ọṣẹ. Inú omi ni ẹ̀wọ̀n ti wá ń já wẹ́wẹ́, ásíìdì sì ń jáde níbi tó bá ti já. Ásíìdì yẹn ló fa pH yín wálẹ̀, òun náà ló padà wá ń jẹ gíláàsì tó kù. Ìdí nìyẹn tó fi ń yára sí i.

SBF tí Kokubo àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Japan lọ́dún 1990, ní kẹ́míkà Tris tó ń di pH mú ní nǹkan bí 7.4. Kálísíọ̀mù 2.5 mílímólù sì ti wà nínú lítà rẹ̀ kan tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí tirẹ̀ kò fi yòrò tó tiyín. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rẹ́ yín ṣọ́ra: kálísíọ̀mù fọ́sífétì tuntun lè lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì nínú SBF, òṣùwọ̀n á wá fi ohun tó yòrò hàn ní kékeré. Kó fi máíkíróskópù wo ojú rẹ̀ kó tó gba nọ́ḿbà yẹn gbọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ gé roboto tó fẹ̀ ní mílímítà 15, tó nípọn ní mílímítà 2. Ojú rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 4.48 cm². Ẹ fi ẹtánọ́ọ̀lù fọ̀ ọ́, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, kó má baà ti bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ rì í sínú omi mílílítà 25. Nígbàkigbà tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ nu ún gbẹ, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì dá a padà sínú omi tuntun tó ti móoru dé 37°C. Bó bá pàdánù mílígíráàmù 9 ní wákàtí 24, 9 ÷ (4.48 × 24) fún wa ní 0.084 mg lórí cm² kan ní wákàtí kan. Ẹ kọ irú omi, ìwọ̀n rẹ̀ àti pH rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ḿbà náà. Láìsí ìwọ̀nyí, a ò gbà pé nọ́ḿbà náà wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè mú kí gíláàsì fọ́sífétì pẹ́ kó tó yòrò, nítorí mo fẹ́ lò ó fún títún egungun ṣe? Ìyẹ̀fun rẹ̀ kì í pẹ́ rárá. — Òǹkàwé, Èkó

Ìdáhùn: Ojú ìyẹ̀fun pọ̀ ju ti odidi lọ fíìfíì, ẹ má fi wọ́n wéra. Ẹ fi P₂O₅ (ọ́sáìdì fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì) sílẹ̀ ní 45 mol% (iye mólù nínú ọgọ́rùn-ún), kí ẹ máa fi CaO (ọ́sáìdì kálísíọ̀mù) rọ́pò Na₂O (ọ́sáìdì sódíọ̀mù). Láti CaO 8 dé 40 mol%, yíyòrò á lọ sílẹ̀ gan-an. Wàhálà rẹ̀ ni pé yóò nílò iná tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè dì ní kírísítà bí ẹ kò bá tètè dà á. TiO₂ (ọ́sáìdì títáníọ̀mù) díẹ̀, 1 sí 5 mol%, tún ń so ẹ̀wọ̀n pọ̀ dáadáa.

Yíyòrò díẹ̀díẹ̀ yìí náà ni wọ́n ń lò fún àgùntàn àti màlúù ní Britain: ẹran á gbé ọta gíláàsì mì, ọta náà á sì máa tú kọ́pà, kóbáltì àti sẹ̀lẹ́níọ̀mù sílẹ̀ nínú ikùn rẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Níbi tí ọ̀rinrin bá pọ̀, inú ike tó dé pinpin pẹ̀lú sílíkà jẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ tọ́jú gíláàsì náà sí. Bí ojú rẹ̀ bá ti ń lẹ̀ mọ́ ìka, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi inú afẹ́fẹ́. Ẹ tún un dán kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.